Àbọ̀ ìbéèrè mi: bàbá mi ti gbà

Ẹ kú àdúrótì. Mo bèèrè níjọ́sí bóyá kí n fi ẹ̀kọ́ òfin sílẹ̀ kí n lọ ka ìmọ̀ òṣèlú àti àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè. Bàbá mi ò fẹ́.

Mo ti wọlé sí yunifásítì láti kà á, ní Adó-Èkìtì níbí. Ogun Kírìjì ló yí bàbá mi lọ́kàn padà. Ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí ni wọ́n, ìlú Fábùnmi, akọni jagunjagun Èkìtì nínú ogun náà. Mo bi wọ́n pé láti 1877 tí Èkìtìparapọ̀ (àwọn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn tó para pọ̀) àti Ìbàdàn ti ń jà, ta ló borí? Àdéhùn 1886 ló mú ìjà rọlẹ̀, àwọn alárinà bíi àlùfáà Samuel Johnson ló sì ṣe wàhálà rẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní, "Lọ kọ́ iṣẹ́ alárinà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n fi èdè Faransé kún un nítorí ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mi ti parí.