Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: kí ni ká háyà fún òru méjì nínú àgọ́ ní Shenandoah?

Ìyá Ọmọ Méjì, Lanham

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ọmọkùnrin mi tó wà ní kíláàsì kẹrin ti ń bẹ̀ wá láti ọdún tó kọjá pé òun fẹ́ sun inú àgọ́. Bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí àyè kan gbà lórí Recreation.gov, ìkànnì tí wọ́n ti ń gba àyè àgọ́, ní Big Meadows, ibùdó àgọ́ kan lórí òkè nínú ọgbà ìjọba Shenandoah ní Virginia. Ẹnì kan ló fagi lé tirẹ̀ ló fi bọ́ sí wa lọ́wọ́. Ọjọ́ Ẹtì la máa lọ, ọjọ́ Àìkú la máa padà, ọ̀sẹ̀ kẹta nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí ewé bá ń pọ́n. A ò ní ohunkóhun nílé tó jẹ mọ́ àgọ́, a ò sì fẹ́ ra ohun tí a ò mọ̀ bóyá a tún máa lò. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ háyà.

Àwa márùn-ún la ń lọ: èmi àti ọkọ mi, ọmọkùnrin yìí, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti ìyá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìbàdàn. Ẹni ọdún 68 ni Màmá, orúnkún sì máa ń dùn wọ́n. Sienna lọkọ̀ wa.

Ilé ìtajà tí mo pè ní àwọn ní ẹrù ìdílé kan tí àwọn ti dì pọ̀: àgọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin, àpò ìsùn mẹ́rin, ẹní fóòmù mẹ́rin, sítóòfù onígáàsì, àga, tábìlì, kúlà àti àtùpà. Owó rẹ̀ lé ní 300 dọ́là, owó ìdógò lọ́tọ̀. Ṣé gbogbo rẹ̀ la nílò lóòótọ́? Ṣé àgọ́ náà á gbà wá tí a bá fi àpò ìsùn kan kún un?

Màmá gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọkọ mi ní ká ká àga ẹ̀yìn Sienna sílẹ̀, kí wọ́n sùn sínú ọkọ̀, ká máa tan ẹ́ńjìnnì lóòrèkóòrè kí hítà lè fẹ́ sí wọn. Ara mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Laurel

Ẹ má háyà kúlà o. Èyí tẹ́ ẹ fi ń gbé ráìsì lọ sóde àríyá náà ti tó. Àga kíká àti tábìlì kíká, ẹ bi àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín, wọ́n á yá yín lọ́fẹ̀ẹ́. Tọ́ọ̀ṣì náà, ẹ ra tuntun, kò wọ́n. Ohun tẹ́ ẹ máa sùn sí àti ohun tẹ́ ẹ máa sùn sínú rẹ̀ nìkan ló yẹ kẹ́ ẹ sanwó háyà lé lórí.

Arìnrìn-àjò, Bowie

Ẹ kú ìmúra o, ìyá wa. Láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn lèmi àtàwọn ọmọ mi ti ń lọ síbẹ̀, oṣù Kẹwàá la sì máa ń fẹ́ràn jù. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé, torí pé òtútù ni yóò sọ bóyá ọmọ yẹn tún máa bẹ̀ yín láti lọ tàbí kò ní bẹ̀ yín mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ fi àgọ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin sílẹ̀. Iye ẹni tí wọ́n kọ sára àgọ́, iye ara tó lè tò síbẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹja inú agolo ni, láìsí àyè fún báàgì tàbí bàtà. Ẹni márùn-ún tí àgbàlagbà wà nínú wọn, ẹ bèèrè ẹlẹ́ni mẹ́jọ. Ẹ sì bi wọ́n bí àárín rẹ̀ ṣe ga sí. Ẹni tí orúnkún ń dùn ò lè máa fi ìkúnlẹ̀ wọlé, fi ìkúnlẹ̀ jáde lóru nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n ọ́n. Àgọ́ tí èèyàn lè nàró nínú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbà.

Ó wá ku òtútù. Big Meadows ga tó nǹkan bí 3,500 ẹsẹ̀ bàtà. Ojú ọjọ́ tẹ́ ẹ bá rí ní Lanham, ẹ yọ ìwọ̀n 10 sí 15 ti Fahrenheit kúrò nínú rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹwàá, òru lè bọ́ sí 40 lórí òkè yẹn, ó sì máa ń lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára àpò ìsùn, bíi 40, 30, 20. Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe ibi tí ẹ ti máa sùn gbádùn, ibi tí agbára rẹ̀ pin sí ni. Ẹni tó bá gbé oní-40 lọ síbi tí òtútù jẹ́ 40, yóò jí ní agogo mẹ́ta òru, kò sì ní rí oorun sùn mọ́. Oní-20 ni kẹ́ ẹ gbà fún gbogbo yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé ilẹ̀ gan-an ń fa ooru jáde lára ju afẹ́fẹ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá dùbúlẹ̀ lé àpò ìsùn, ìwọ̀n ara yín á tẹ òwú abẹ́ rẹ̀ pa, kò sì ní lágbára mọ́. Ẹní ló ń gbà yín lọ́wọ́ ilẹ̀. Ẹ bi ilé ìtajà pé kí ni nọ́ńbà R ẹní wọn. Bí R bá ṣe pọ̀ sí ni ẹní náà ṣe ń dá òtútù dúró tó. Ẹ wá èyí tó bá tó 4. Mátírẹ́ẹ̀sì ńlá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, èyí tí àlejò ń sùn lé nílé, ẹ má gbé e lọ. Inú rẹ̀ ṣófo, afẹ́fẹ́ tútù á máa yí kiri nínú rẹ̀ lábẹ́ yín títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Bẹ́ẹ̀dì kíká ló tọ́ sí Màmá, ó ga dáadáa láti jókòó lé, wọn ò sì ní máa ti ilẹ̀ gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ẹní lé e kẹ́ ẹ tó tẹ́ àpò ìsùn, torí pé atẹ́gùn ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ má háyà bẹ́ẹ̀dì, mo ní ọ̀kan nílé. Ẹ wá gbé e.

Ìyá Ìbejì, Hyattsville

Ẹ ṣeun gan-an, Arìnrìn-àjò. Kí n fi tèmi kún un, torí ó dùn mí nígbà tó ṣẹlẹ̀ sí wa.

Ọdún kẹta rèé tí a háyà àgọ́ fún òpin ọ̀sẹ̀. A gbà á lọ́jọ́ Ẹtì, a jù ú sẹ́yìn ọkọ̀, a ò tú u wò. Ìgbà tí a débẹ̀ lálẹ́, tí òjò ń ṣú, tí ọkọ mi fa ọ̀pá yọ, la rí i pé ọ̀kan ti là láàárín, ẹni tó lò ó ṣáájú wa sì ti fi téèpù dúdú wé e. Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó dá. A fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka igi, a sùn bẹ́ẹ̀, omi wọlé lápá ẹsẹ̀ àwọn ìbejì. Ìgbà tí a dá a padà, wọ́n ní àwa la dá a. Wọ́n mú lára owó ìdógò wa. A ò ní ẹ̀rí kankan tí a lè fi jà.

Torí náà, ẹ ò gbọdọ̀ kúrò nílé láì tíì pa àgọ́ yẹn sẹ́yìnkùlé yín. Ẹ lọ gbà á ní Ọjọ́bọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ka ọjọ́ gbígbà àti ọjọ́ dídá padà mọ́ owó, torí ilé ìtajà kan yàtọ̀ síkejì. Ẹ tò ó pátá, ẹ wo síìpù láti òkè dé ilẹ̀, ẹ ka èèkàn, ẹ na aṣọ òjò tó ń bò ó lórí kẹ́ ẹ wò ó síta oòrùn bóyá ó lu. Ẹ ya fọ́tò gbogbo àléébù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Ẹ má ká a ní tútù padà fún wọn o. Ìrì òkè yẹn nìkan tó láti rẹ àgọ́. Tẹ́ ẹ bá dé nírọ̀lẹ́ Sunday, ẹ tẹ́ ẹ sí gáréèjì títí á fi gbẹ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rùn, á sì bu, wọ́n á gba owó fífọ̀ lọ́wọ́ yín.

Tíṣà, Silver Spring

Ṣé ẹ ní kíláàsì kẹrin lọmọ yín wà? Ẹ má san 30 dọ́là tí wọ́n ń gbà lórí ọkọ̀ lẹ́nu géètì. Ọmọ kíláàsì kẹrin ní Amẹ́ríkà ní ìwé ọ̀fẹ́ tó ń mú gbogbo ará ọkọ̀ wọlé, Every Kid Outdoors ni wọ́n ń pè é. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ ti máa gbà á. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kẹ́ ẹ mú un dání. Owó àyè àgọ́ yín kò sí nínú rẹ̀ o.

Ìyá Ọmọ Méjì, Lanham

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mi ò mọ ìkankan nínú gbogbo èyí. Mo ka ti òtútù yẹn sí ọkọ mi létí, ó dákẹ́.

Màmá ló yà mí lẹ́nu. Mo rò pé wọ́n máa ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé, ahéré ni àwọn máa ń sùn lóko kòkó bàbá wọn lásìkò ìkórè, wọ́n á dá iná sí ẹnu ọ̀nà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Wọ́n ní àárín àwọn ọmọ àwọn ni àwọn máa sùn sí, àwọn ò sun ọkọ̀. Wọ́n ti ń bèèrè ohun tí a máa sè.

Ẹ sọ ti oúnjẹ fún mi, àti ti béárì. Mo gbọ́ pé béárì wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Laurel

Ó wà dáadáa, béárì dúdú. Kì í sábà wá èèyàn, oúnjẹ ló ń wá. Ẹ má fi nǹkan kan tó ń ta sánsán sínú àgọ́ lálẹ́: oúnjẹ, bisikíìtì àwọn ọmọ, ọṣẹ, ọṣẹ ìfọyín, ìpara, títí kan àbóníkí tí Màmá fi ń pa orúnkún. Tí àpótí irin bá wà ní àyè yín, ẹ kó gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, ẹ tì í. Bí kò bá sí, inú ọkọ̀ ni, kẹ́ ẹ ti fèrèsé pa. Ẹ ò rí i pé Màmá ò tiẹ̀ lè sun ọkọ̀? Àárín ẹja díndín àti ọbẹ̀ ni wọ́n ì bá sùn sí.

Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá wa pé ti ẹ́ńjìnnì yẹn léwu púpọ̀. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀ lè kó èéfín carbon monoxide jọ. Kò lóòórùn, ẹni tó ń sùn ò sì ní mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni sítóòfù: òde ni kẹ́ ẹ ti máa lò ó, ẹ má tàn án nínú àgọ́ rárá, òjò ì báà máa rọ̀.

Sítóòfù olójú méjì ni kẹ́ ẹ háyà. Gáàsì kì í bá a wá, ẹ ra agolo kékeré méjì. Ẹ se ọbẹ̀ ata sílẹ̀ nílé, ẹ dà á sínú ọ̀rá, ẹ jẹ́ kó dì gbagidi nínú fírísà ní pẹlẹbẹ. Òun náà lá máa ṣe yìnyín fún kúlà yín títí dọjọ́ Àbámẹ́ta. Igi ìdáná, ẹ má gbé e láti ilé. Wọn ò gbà á, torí kòkòrò tó ń pa igi ash ti bá igi ìdáná rìn káàkiri. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á.

Ìyá Ìbejì, Hyattsville

Ẹ wo ara àwọn ọmọ lálẹ́ fún eégbọn, ẹ̀yìn etí, abíyá, ìtan. Òtútù kò pa á tán nínú oṣù Kẹwàá, àrùn Lyme tí eégbọn ń kó ranni sì ń bẹ ní agbègbè yìí.

Arìnrìn-àjò, Bowie

Ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà ṣe pàtàkì. Tẹ́ ẹ bá gba Front Royal wọlé, 51 máìlì lẹ máa rìn lórí Skyline Drive, ọ̀nà tó gba inú ọgbà náà kọjá, eré 35 máìlì ní wákàtí kan ni òfin sì gbà lójú ọ̀nà yẹn. Wákàtí kan àbọ̀ nìyẹn. Ẹ gba Warrenton, kẹ́ ẹ tọ ọ̀nà 211 dé géètì Thornton Gap. Ó ku nǹkan bí 20 máìlì nìkan. Oòrùn á ti wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ I-66 lọ́jọ́ Ẹtì ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí ọkọ yín bá lè gba ìsinmi láti ọ̀sán, ẹ kúrò nílé ní agogo méjìlá. Ẹ wa máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa lókè.

Ìyá Ọmọ Méjì, Lanham

Ẹ̀yin ará, a ti ṣe é. Àgọ́ ẹlẹ́ni mẹ́jọ, àpò ìsùn oní-20 márùn-ún, ẹní márùn-ún tí R wọn tó 4, sítóòfù olójú méjì. Kò ju 240 dọ́là lọ, Ọjọ́bọ̀ la máa gbà á, wọn ò sì ka Ọjọ́bọ̀ mọ́ owó. Ọkọ mi ti gba ìsinmi ọjọ́ Ẹtì. Ìwé ọ̀fẹ́ ti wà lórí fírííjì, ọmọ náà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn fúnra rẹ̀.

A gbé bẹ́ẹ̀dì náà dé láti Bowie lánàá, Ọlọ́run á bù kún yín. Màmá ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sí pálọ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ lé e pẹ̀lú gèlè lórí, wọ́n yí sọ́tùn-ún, wọ́n yí sósì, wọ́n ní irin ààrin rẹ̀ ń gún àwọn nídìí. Mo ká búláńkẹ́ẹ̀tì méjì sí i, wọ́n ní ó kù díẹ̀. Ṣé ẹnì kan ní ẹní fóòmù nípọn tó lè yá wa láti fi kún tiwọn?

Tíṣà, Silver Spring

Mo ní. Ẹ wá mú un lọ́la, lẹ́yìn agogo mẹ́fà.