Egungun tó ń fúyẹ́: ohun tí kálísíọ̀mù àti eré ìdárayá ṣe fún wa

Ìyá Adétà:

Obìnrin tó ti lé ní ẹni 60 ọdún ni mí, Adétà ní Ìlọrin ni mo ń gbé, nǹkan oṣù mi sì ti dúró kí n tó pé ẹni 50 ọdún. Nígbà tí àbúrò mi obìnrin yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì kán nípasẹ̀ ìṣubú kékeré bẹ́ẹ̀, ni dókítà rẹ̀ ní kí èmi náà lọ ṣe àyẹ̀wò DXA, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí egungun ṣe kì tó. Èkó ni mo ti ṣe é, -2.7 sì ni iye tó jáde fún eegun ẹ̀yìn mi. T-score ni wọ́n ń pe iye yìí, ó ń fi egungun ẹni wé ti ọ̀dọ́ tó lera. Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé là sílẹ̀ ní 1994, ẹni tí tirẹ̀ bá wà láàárín -1 àti -2.5, egungun rẹ̀ ti ń fúyẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá dé -2.5 tàbí tó burú jù bẹ́ẹ̀, àrùn osteoporosis ti wà lára rẹ̀ nìyẹn. Dókítà ṣàlàyé pé ara kì í yé tú egungun àtijọ́, kó sì mọ tuntun dípò rẹ̀. Èròjà estrogen, tó pọ̀ lára obìnrin tó ṣì ń ṣe nǹkan oṣù, ló ń kó títú náà níjàánu, nígbà tí nǹkan oṣù bá sì dúró tí estrogen wálẹ̀, títú a yára ju mímọ lọ.

Kálísíọ̀mù ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ mi, mo sì gbà pé a ń gbé e ga ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan bí mílígíráàmù 1,200 ni obìnrin tó ti lé ní 50 ọdún nílò lójúmọ́, ṣùgbọ́n ti inú oúnjẹ wà nínú iye yẹn. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri ládùúgbò wa, ẹja kéékèèké tí a ń jẹ tegungun-tegungun, àti ọbẹ̀ lúrú tí a fi ewé osè sè, gbogbo wọn ló ní in nínú. Lẹ́yìn tí dókítà ti bá mi ṣírò ohun tí mo ń jẹ, oògùn kálísíọ̀mù mílígíráàmù 500 péré ló kọ fún mi lójúmọ́, pẹ̀lú fítámì D. Oríṣi tí wọ́n ń pè ní carbonate ni tèmi, nítorí náà mo ń lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Oríṣi citrate kò nílò oúnjẹ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó pín in, nítorí ara kì í gbà á dáadáa bó bá ju 500 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá sì ń lo levothyroxine fún ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ gbọ́dọ̀ fi wákàtí 4 sáàárín oògùn méjèèjì.

Àlòjù kò ṣàǹfààní. Nínú ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2006, tí obìnrin tó lé ní 36,000 kópa nínú rẹ̀, kálísíọ̀mù àti fítámì D mú kí eegun ìgbáròkó kì sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dín kíkán ìgbáròkó kù lọ́nà tó dájú, ó sì fi kún iye àwọn tó ní òkúta inú kíndìnrín.

Ní ti fítámì D, oòrùn kò wọ́n ní Ìlọrin, àmọ́ awọ dúdú kì í yára fi oòrùn ṣe é, àwa tí a sì ń bo ara wa nítorí ẹ̀sìn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn sára. Àgbàlá agboolé wa, níbi tí kò sí ọkùnrin àjèjì, ni mo ti ń ká apá aṣọ mi sókè.

Eré ìdárayá ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí òun ni a fi ń tan ara wa. Ìrìn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láti ilé dé Ọjà-Ọba dára fún ọkàn, ṣùgbọ́n egungun ń fẹ́ ẹrù tó wúwo ju èyí tó ti mọ́ ọn lára. Onífísíò tó ń tọ́ mi sọ́nà kọ́kọ́ kọ́ mi bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ìgbáròkó, kí ẹ̀yìn tẹ́, kó má ṣe ká kò, nítorí kíká ẹ̀yìn kò ni í sábà fọ́ eegun ẹ̀yìn tó ti fúyẹ́. Mo rẹ́rìn-ín, torí rúkúù, ìtẹ̀ba inú ìrun wa, tí a bá ṣe bó ti tọ́ kò yàtọ̀ sí ohun tó ń kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí àga kí n sì dìde láì fọwọ́ ti nǹkan, kí n gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 5 sọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí n fi ẹsẹ̀ kan dúró lẹ́bàá ògiri, kó tó wá kan gbígbé irin. Igbálẹ̀ ilé, mo ní kí wọ́n so ó mọ́ igi gígùn. Àwọn ọmọ ilé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, mi ò dá wọn lóhùn.

Ọ̀rọ̀ irin yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní Australia, nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, obìnrin 101 tí egungun wọn ti fúyẹ́ ni wọ́n pín sí méjì. Àwọn tó gbé irin tó wúwo gan-an fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù 8, eegun ẹ̀yìn wọn fi nǹkan bí ìdá 2.9 nínú 100 kì sí i. Ti àwọn tó ṣe eré fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nílé fi nǹkan bí ìdá 1.2 dín kù. Ẹ kíyè sí i pé ojú olùkọ́ wà lára wọn ní gbogbo ìgbà.

Nígbà tí mo padà ṣe àyẹ̀wò lórí ẹ̀rọ kan náà, -2.4 ni mo bá. Mo ń lo alendronate, oògùn tó ń dín títú egungun kù, pẹ̀lú, nítorí náà kò tọ́ kí n gbé gbogbo iyì fún irin. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń lò ó, ní òwúrọ̀ pẹ̀lú omi lásán, n kì í sì í jẹun tàbí kí n dùbúlẹ̀ kí ìdajì wákàtí tó kọjá. Nínú Ramadan, dókítà ní kí n fi omi àti oògùn náà ṣínu, kí n sì ní sùúrù kí n tó fọwọ́ kan dàbínù.

Bàbá Òmù-Àrán:

Kí àwọn ọkùnrin má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin nìkan ni èyí. Ikọ́ fée ni wọ́n fi prednisolone tọ́jú lára mi fún ìgbà pípẹ́, oògùn yìí sì máa ń mú egungun fúyẹ́ bó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta. Ṣòkòtò mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, a rò pé télọ̀ ló rán an gùn. Àwòrán X-ray ló fi hàn pé eegun ẹ̀yìn mi kan ti rún wọlé, tí mo sì ti kúrú. Ẹni tó bá ń lo oògùn náà kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, ewu wà nínú ìyẹn. Kó bi dókítà rẹ̀ nípa ìtọ́jú egungun. Wọ́n sì ti rí irú oògùn bẹ́ẹ̀ nínú àwọn oògùn ara ríro aláìlórúkọ tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá ní ibùdókọ̀.

Èmi kò lè gbé irin bíi ti Ìyá Adétà. Mo ń dojú bolẹ̀ lórí ẹní, mo ń gbé àyà sókè díẹ̀ kí iṣan ẹ̀yìn lè le, mo sì ń ti ara mi kúrò lára ògiri. Ọkọ́ ọlọ́wọ́ kúkúrú ti di ti ọmọ mi. Èsì àyẹ̀wò mi kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n eegun kankan kò tún kán.

Ọmọ Ọ̀fà:

Ìyá mi ti lé ní 80 ọdún, dókítà sì sọ pé kíkọ́ wọn bí wọn kò ṣe ní ṣubú ṣe pàtàkì ju iye orí ẹ̀rọ lọ. A ti kó àwọn kápẹ́ẹ̀tì kéékèèké kúrò nílẹ̀, a fi iná sólà sí ojú ọ̀nà balùwẹ̀ nítorí àìsí iná ọba, a sì ti ṣe àyẹ̀wò ojú wọn. Kí wọ́n tó jẹun, wọ́n á dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, èmi ni mo sì máa ń kà á, torí wọ́n fẹ́ràn láti fo mẹ́fà àti méje.