Kí ló fa ìyàtọ̀ láàárín ìṣirò mi àti ohun tí mítà ń kà?

Ẹ̀yin ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́ iná, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń fẹ́ ìmọ̀ràn yín lórí sákíìtì kékeré kan tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi. Bátìrì volt 12 ni mo lò, mo sì so resistor (ẹ̀yà tó ń dín ìṣàn iná kù) méjì tẹ̀ léra, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 100,000 ohm. Gẹ́gẹ́ bí òfin Ohm, tó ní kí a fi iye ohm pín volt, kọ́rẹ́ǹtì tó ń kọjá yóò jẹ́ 0.06 milliamp, fóltéèjì orí resistor kọ̀ọ̀kan yóò sì jẹ́ volt 6. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi mítà alábẹ́rẹ́ wọn ọ̀kan nínú wọn, tí mo yí i sí volt 10, abẹ́rẹ́ náà dúró sí nǹkan bíi 4.8, nígbà tí mítà onínọ́ńbà ka 5.97. Bátìrì náà kò tíì rẹ̀ rárá.

Ohun tí mo fura sí ni pé mítà alábẹ́rẹ́ ń fa kọ́rẹ́ǹtì tirẹ̀, nítorí 20,000 ohm fún volt kan ni wọ́n kọ sójú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé 200,000 ohm ni mo gbé ti resistor náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣé ó tọ́ kí n kọ́kọ́ ṣírò mítà àti resistor yẹn pọ̀, tí yóò fún mi ní nǹkan bíi 66,700 ohm, kí n tó pín volt 12 náà? Àbí kí n kúkú lo resistor 1,000 ohm fún ẹ̀kọ́ yìí? Mi ò fẹ́ pa mítà alábẹ́rẹ́ náà tì, ó ti bá mi ṣiṣẹ́ pẹ́.