Ọ̀gá ní kí n máa wá ẹ̀kọ́ fún gbogbo ọ́fíìsì, ẹnìkankan ò sì kà á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ọ́fíìsì kan ní Òkè-Ìlẹ̀wó l'Abẹ́òkúta níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àkáǹtì àti ìwé la máa ń bá àwọn oníṣòwò ṣe, a ò pọ̀. Ọ̀gá wa ti mítíìnì kan bọ̀ l'Ékòó ló bá ní gbogbo wa gbọ́dọ̀ máa kọ́ nǹkan tuntun, pé kí èmi máa wá ohun tó dáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n máa jù ú sí gúrúùpù WhatsApp wa láràárọ̀. Kò fi kọ́bọ̀ kún owó mi, kò sì yọ nínú iṣẹ́ mi. Ni mo wá ń jí ní ìdájí tí mò ń wá fídíò Excel, ọ̀rọ̀ owó orí, bí wọ́n ṣe ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀, màá kó gbogbo ẹ̀ dà síbẹ̀, wọ́n á kàn na àtàǹpàkò sí i, ó tán. Àwọn kan tiẹ̀ ti pa ohùn gúrúùpù ọ̀hún. Lánàá ẹnìkan nínú wọn tún wá ń bi mí ní nǹkan tí mo ti fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá! Iṣẹ́ tèmi gan-an ń dúró, línkì tí èmi fúnra mi ò tíì ṣí kún fóònù mi. Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá pé mi ò ṣe mọ́ ni àbí ọgbọ́n kan wà ńbẹ̀?

Ọmọ Àdátán: Dátà tẹ́ ẹ fi ń wá a ńkọ́, ta ló ń san án? Ẹ kọ́kọ́ lọ bi ọ̀gá yín ní ìyẹn 😂

Bọ̀dá Kútọ̀: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Irú iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe jẹun. Ọkùnrin ará Kánádà kan, Harold Jarche, ó pín in sí mẹ́ta: kéèyàn wá a, kó rò ó, kó tó pín in. Ẹ ń wá, ẹ ń pín, àmọ́ rírò yẹn lẹ fò dá, òun gan-an ló sì niṣẹ́. Ẹ wo ọ̀rọ̀ owó orí yẹn. Látìgbà tí òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2026, oríṣiríṣi àhesọ ló wà níta, wọ́n ní bí èèyàn bá fowó ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀ tí kò kọ "gift" sí i ìjọba á gé e. Bẹ́ ẹ bá ju fídíò márùn-ún síbẹ̀ ẹ tún fi kún ariwo ni. Ẹ ka òfin náà fúnra yín, kẹ́ ẹ wá fi ẹnu ara yín kọ ọ́ ní ìlà mẹ́ta: 800,000 náírà àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n máa gbé owó orí lé lọ́dún, òdo lowó orí ẹ̀, VAT, owó orí tó wà lórí ọjà, ṣì wà ní 7.5%, FIRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba àpapọ̀, ti di Nigeria Revenue Service. Kẹ́ ẹ wá fi línkì òfin sí ìsàlẹ̀. Bó bá sì jẹ́ fídíò, ẹ sọ ìṣẹ́jú tí kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ta ló máa fi ogójì ìṣẹ́jú wo Excel lẹ́nu iṣẹ́?

Ìyá Ìbejì Ìtòkú: Èmi ò ní ọ́fíìsì o, aládìrẹ ni mí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo lè fi fídíò adìrẹ ẹlẹ́kọ hàn wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ro ẹ̀kọ láfún tó ṣàn jù, tí aró wọnú ibi tí kò yẹ kó wọ̀, tí aṣọ bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á sún mọ́ mi, "Ìyá, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?" Ìgbà yẹn ni màá tó lanu. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bèèrè kẹ́ ẹ tó fún wọn.

Akọ̀wé Òkè-Mọ́sàn: Màámi, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n òfin owó orí ò ní dúró de ẹni tí kò tíì bèèrè o, ìtanràn ló máa kọ́kọ́ bá a. Méjèèjì ló yẹ. Ní ti ẹni tó tún wá bèèrè ohun ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, ẹ má bínú sí i. Hermann Ebbinghaus ní Jámánì ti dán ìgbàgbé wò lórí ara ẹ̀, ó tẹ ìwé ẹ̀ jáde ní 1885, kíákíá báyìí lohun téèyàn kọ́ ń lọ béèyàn ò bá tún un wò. Ohun tẹ́ ẹ sọ ní Mọ́ńdè, ẹ fi ìbéèrè kékeré kan bi wọ́n ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ lè lẹ mẹ́sééjì náà mọ́ òkè gúrúùpù ("pin") pẹ̀lú, ó lè wà níbẹ̀ tó ọgbọ̀n ọjọ́.

Ọmọ Àdátán: Ojoojúmọ́ gan-an ló pọ̀ jù. Ní Abẹ́òkúta wa níbí, ní 1859, Ìwé Ìròyìn tí míṣọ́nnárì Henry Townsend dá sílẹ̀, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń jáde, wọ́n sì ń kà á. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó yín.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọ̀gá ńkọ́? Ojoojúmọ́ ló sọ o.

Bọ̀dá Kútọ̀: Ẹ má lọ bá a lọ́wọ́ lásán. Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín bi yín lọ́sẹ̀ yìí sílẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e síwájú ẹ̀, ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ fẹ́ máa dáhùn wọn dáadáa, kó sì fún yín ní ààbọ̀ wákàtí nígbà oúnjẹ ọ̀sán kí ẹni tó mọ Excel jù máa fi han àwọn tó kù lórí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ gan-an. Ti ìdájí yẹn, ẹ fi oorun yín sílẹ̀ fún ara yín. Ẹ yí aago sí ìṣẹ́jú 25 fún wíwá yẹn, bí Francesco Cirillo ará Ítálì tó gbé ọgbọ́n Pomodoro kalẹ̀ ṣe ń kọ́ni, tí aago bá dún ẹ pa á dé. Línkì tẹ́ ò bá tíì ṣí láti oṣù tó kọjá, ẹ pa á rẹ́, kò sóhun tó máa ṣe yín. Ẹ má sì kó gbogbo ẹ̀ sínú app kan ṣoṣo, Google Reader kógbá sílé ní 2013, Pocket náà lọ ní 2025.

Ẹni tó béèrè: Ibo wá ni kí n máa kọ ọ́ sí? Google Sheets ni àbí nóòtù lásán?

Bọ̀dá Kútọ̀: Sheets, kí àwọn tó kù lè máa wá nǹkan ńbẹ̀ fúnra wọn láìpè yín.