Ṣé a lè fi Haskell bẹ̀rẹ̀ kóòdù, àbí Python ni kí n gbájú mọ́?

Akọ̀wé Òkè-Àdó: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìwé owó ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi Excel jẹun. Mo wá ní kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tí à ń kọ fún kọ̀ǹpútà ní èdè bíi Haskell tàbí Python. Àbúrò mi kan tó wà ní ọdún kìíní ní Yunifásítì Edinburgh ní Haskell ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún àwọn, àtẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ àtẹni tí ò mọ nǹkan kan, pé kí èmi náà fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí ní ṣe ló ń tàn mí, pé Python ni kí n kọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo Python lórí YouTube kí n tó bọ́ sí Haskell yìí. Lálẹ́ àná mo tẹ x = 5, ó gbà. Mo tẹ x = x + 1, ó tún gbà, kò bú mi. Mo wá tẹ x kí n lè rí 6. Ó dákẹ́. Fáànù láptọ́ọ̀pù bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo ẹ̀ gan pa, àfìgbà tí mo di bọ́tìnnì mú tí mo fi pa á. 4GB ni RAM ẹ̀ o, ìyẹn ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí. Ṣé orí mi ni ò gbà á ni, àbí èdè yìí kì í ṣe ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ṣàgámù: Òdodo lọ̀rẹ́ yín sọ. Ọdún méje rèé tí mo ti wà nídìí èdè JavaScript, ẹnìkan ò bi mí ní Haskell rí níbi tí mo ti lọ wáṣẹ́. Bí kóòdù bá há yín lọ́rùn láago kan òru, ẹni tó mọ Python ò ní jìnnà sí yín. Ẹni tó mọ Haskell, ẹ ó wá a títí.

Tísà Máàtì: Ẹ má dá orí yín lẹ́bi, Akọ̀wé. Ní Python, = ń sọ pé "gbé èyí sínú ìyẹn". Ní Haskell, ó ń sọ pé "èyí àti ìyẹn dọ́gba". Ẹ wá sọ fún un pé x dọ́gba pẹ̀lú x + 1. Bó ṣe fẹ́ mọ x, ó ní kí òun kọ́kọ́ mọ x ná kóun tó fi 1 kún un, ló bá tún padà sídìí x. Kò lópin, RAM yín ló ń jẹ lọ. Ẹ rántí ilé ìwé: ta ló kọ x = x + 1 sójú pátákó tí wọn ò nà? Ẹni tí ò fojú kan Python rí ò ní tẹ irú ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ló so yín lẹ́sẹ̀.

Ẹ tún wo Excel yín. Bí ẹ bá kọ =A2*B2 sínú C2, ṣé A2 yí padà? Ẹ sọ ohun tí C2 jẹ́, ẹ fà á wálẹ̀, ó tán. Ẹ ti ń ṣe functional programming, ìyẹn kóòdù tó ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́ láìyí nǹkan kan padà, láti ọdún mẹ́fà, ẹ ò kàn mọ orúkọ ẹ̀ ni. Ní Dìsẹ́ḿbà 2020 Microsoft kéde LAMBDA fún Excel, tí ẹ fi lè ṣe function (ìlànà ìṣirò tó ń gba nǹkan wọlé, tó ń dá èsì padà) tiyín. Lambda yẹn, Alonzo Church, onímọ̀ ìṣirò kan, ti ń fi ṣe ìṣirò láti àwọn ọdún 1930, nígbà tí kọ̀ǹpútà ò tíì dé.

Baba Wálé: Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní láptọ́ọ̀pù 8GB tó fẹ́ tà?

Alábòójútó: Baba Wálé, ọjà kọ́ là ń ná níbí o.

Ìyá Ìbejì: Haskell ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ fún èmi náà ní Yúkéè. Olùkọ́ wa ní káwọn ọmọ tó ti ń kọ kóòdù láti kékeré má baà máa fi àwa yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Òótọ́ sì ni, ọwọ́ wa dọ́gba lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ ẹni tí à ń bi ní ìbéèrè wà lọ́dọ̀ wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó sídìí ẹ̀ lóru. Àbúrò yín gbàgbé ìyẹn.

Ẹ tẹ "5" + 2 ní Haskell, ẹ wo ìdáhùn ẹ̀: No instance for (Num [Char]), ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ni "5" yẹn, kì í ṣe nọ́ńbà. Èwo ni ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ńbẹ̀? Bó bá jẹ́ irú èdè yìí lẹ fẹ́, ẹ gba DrRacket sílẹ̀, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń kọ èdè Racket, ọ̀fẹ́ ni, kò sì ní máa jẹ dátà yín tó bá ti wọlé. Ẹ mú Beginning Student, ti àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, nínú ẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n kọ Step sí: (+ 2 (* 3 4)), ìyẹn 2 + 3 × 4, á di (+ 2 12), á wá di 14, lójú yín báyìí.

Ọmọ Ṣàgámù: Racket yẹn, ọmọ èdè Scheme ni. MIT, yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà, tó fi Scheme kọ́ àwọn ọmọ tuntun fún ohun tó lé lógún ọdún ti gbé e jù sílẹ̀, Python ni wọ́n gbé.

Tísà Máàtì: Kò burú. JavaScript yín ńkọ́? Ní 1995, ṣebí torí kí Brendan Eich, ẹni tó ṣe é, lè gbé Scheme sínú bráwúsà ni ilé iṣẹ́ Netscape ṣe gbà á síṣẹ́. Ibo lẹ rò pé àwọn function tí ẹ ń gbé kiri bí ẹrù ti wá?

Ọmọ Ṣàgámù: Ẹ ti mú mi, sà. Àmọ́ owó oṣù lèmi ń sọ.

Ìyá Ìbejì: Akọ̀wé, bí Haskell náà bá ṣì wà lọ́kàn yín, ẹ dán èyí wò:

apapo [] = 0
apapo (x:xs) = x + apapo xs

Bí alájọ ṣe ń ka owó ni. Mú èyí tó wà lókè, fi kún àpapọ̀ èyí tó kù. Bí àpò bá ṣófo, òdo. Ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì o, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wé Òkè-Àdó: Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ní kí n kọ ọ́ sínú fáìlì, mi ò gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ní Non-exhaustive patterns. Mo wò ó títí kó tó yé mi pé ìlà kejì ti gbé ti àkọ́kọ́ mì, kò mọ ohun tó máa ṣe bí àpò bá ṣófo. Mo wá gbé e sínú fáìlì: apapo [5000, 5000, 10000, 2500], ó ní 22500. Mo pariwo débi pé ìyàwó mi jí.

Mo ti ń gba DrRacket sílẹ̀, oṣù kan ni mo fún un. Ẹ̀gbọ́n Ṣàgámù, ẹ má bínú, tó bá dọ̀rọ̀ kí kóòdù máa ka fáìlì ibi iṣẹ́, mo máa padà sí Python. Ìbéèrè kan ló kù: bó bá jẹ́ àwọn tó dá ju 5000 lọ nìkan ni mo fẹ́ rí ńkọ́?

Ọmọ Ṣàgámù: filter (> 5000), kí ẹ wá kọ àwọn owó náà tẹ̀ lé e. Ẹ má sọ fún Tísà pé èmi ni mo sọ ọ́ fún yín.