Ibi tí ọ̀bọ fi ń dá ojú mọ̀ nínú ọpọlọ, ṣé ẹran ibẹ̀ yàtọ̀ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọpọlọ, ẹ gbà mí, prójẹ́ẹ̀tì yìí ti fẹ́ mú mi lómi. Ọpọlọ ọ̀bọ macaque ní ojúkò kéékèèké bíi mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ pé ojú ni iṣẹ́ wọn, gbogbo ojú ni mo ń sọ o, kì í ṣe ẹyinjú. Lọ́dún 2006 onímọ̀ ọpọlọ kan, Doris Tsao, àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ki wáyà tín-ín-rín bọ ọ̀kan nínú ẹ̀, 97% àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáhùn sí àwòrán níbẹ̀ ló jẹ́ pé ojú ni wọ́n ń dá lóhùn jù, tẹ́ ẹ bá fi ọwọ́ tàbí èso hàn wọ́n wọn ò kà á sí.

Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá gé ọpọlọ yẹn pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí wọ́n sì pa á láró Nissl, èyí tó ń jẹ́ ká rí ara sẹ́ẹ̀lì, ṣé èèyàn á rí ààlà ojúkò yẹn? Tọmọ èèyàn yé mi díẹ̀, FG2 àti FG4, ìyẹn apá méjì tí ojúkò ojú wà nínú ọpọlọ èèyàn, ètò sẹ́ẹ̀lì wọn yàtọ̀ síra. Tọ̀bọ ńkọ́? TEO àti TE, ìyẹn apá ńlá méjì tó wà fún ìríran nínú ọpọlọ ọ̀bọ, ni máàpù tèmi kọ, ìyẹn sì fẹ̀ ju ojúkò kan lọ fíìfíì. Mo wo sláìdì títí ojú fi ń ro mí, gbogbo ẹ̀ kàn dà bí iyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ pọ́pù tí wọ́n fọ́n sórí pépà.

Àbí máyẹ́líìn, ọ̀rá tó bo okùn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, ló yẹ kí n máa wò ni? Ẹni tó bá ti fojú ara ẹ̀ rí i, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, kódà kó jẹ́ fóònù lẹ fi ya sláìdì yín.