Ẹ gbà mí o, ègbè orin ń kó ara wọn jọ sísàlẹ̀!

Ọmọ Aláró: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Áàpù ìwé orin ni mo ń ṣe fún ìjọ kan. Owó tí wọ́n san kò tó dátà tí mo ti jó, síbẹ̀ akọ̀wé wọn ń pè mí láàárọ̀ kùtù bí ẹni pé mo jí apótí ọrẹ gbé. Ti olórí akọrin ló burú jù, ó ní mo da orin Ọlọ́run rú. Iná kò tún sí ládùúgbò wa.

XML (fáìlì tí a fi táàgì, ìyẹn àmì orúkọ bíi èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí, pààlà ọ̀rọ̀ inú rẹ̀) ni orin náà. Nínú `<orin>` kọ̀ọ̀kan, `<ese>` àti `<egbe>` ló ń tẹ̀ lé ara wọn, àwọn kan sì ní `<afara>` láàárín, ìyẹn apá orin tó yàtọ̀ sí ẹsẹ àti ègbè. Tí mo bá gbé e jáde, gbogbo ẹsẹ á kọ́kọ́ tò, gbogbo ègbè á wá wà nísàlẹ̀. Ṣé XML kì í tọ́jú ètò ni? Ó ti sú mi.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. O sọ ti akọ̀wé, o sọ ti iná, o ò sọ èdè tí o fi ń kọ kóòdù.

Alágbẹ̀dẹ Kóòdù: Láti 1998 tí W3C, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà wẹ́ẹ̀bù kalẹ̀, ti gbé XML 1.0 jáde, ètò attribute (àlàyé tí a kọ sínú táàgì fúnra rẹ̀) nìkan ni kò já mọ́ nǹkan. Ti element (táàgì pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀) kì í ṣe eré. Tó bá jẹ́ PHP, `$orin->ese` á ṣa ẹsẹ nìkan fún ọ. `$orin->children()` ni kó o lò, kó o máa fi `getName()` wo èyí tó kàn.

Bọ̀dá Sáfà: Ó ṣe mí rí ní C#. List méjì ni mo ṣí, ọ̀kan fún ọjà, ọ̀kan fún ẹ̀dínwó, XmlSerializer, irinṣẹ́ C# tó ń sọ dátà di XML, sì pín wọn bí ẹni pín ogún. Array kan ṣoṣo ni mo padà lò, mo kọ `[XmlElement]` méjì sórí rẹ̀, irú kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi ìgbà yẹn ò tiẹ̀ san owó oṣù náà tán.

Kọ́fí Dúdú: Ẹ lo Java, ẹ ò gbọ́.

Bọ̀dá Sáfà: Ta ló bi ọ́ ní ti Java?

Ọmọ Aláró: Python ni, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo mọ Python dáadáa, ẹ má wò mí bí ọmọdé. `d['orin']['ese']` ni mo fi ń kó ẹsẹ, `d['orin']['egbe']` fún ègbè.

Ìyá Ìbejì: Ehn! Iṣẹ́ xmltodict nìyẹn, irinṣẹ́ Python tó ń yí XML padà. Táàgì tó bá jọ ara wọn, abẹ́ orúkọ kan ló ń kó wọn sí. ElementTree, irinṣẹ́ XML tó bá Python wá, ni kó o lò: `for omo in orin:`, kó o wo `omo.tag`. Má lo `findall('ese')`, ẹsẹ nìkan nìyẹn náà á ṣà. Tí áàpù bá fẹ́ JSON (ọ̀nà míì tí a ń gbà to dátà sínú fáìlì), list kan ni kó o ṣe, kí ohun kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ní "iru" àti "oro".

Alágbẹ̀dẹ Kóòdù: Kó o sì ṣọ́ra fún `<ese>Ẹ yin <i>Olúwa</i> títí láé</ese>`. `.text` á dúró sí "Ẹ yin". "Títí láé" wà nínú `.tail`, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé ìparí táàgì, ti `<i>`. `itertext()` á kó gbogbo rẹ̀ bó ṣe tò.

Ọmọ Aláró: Ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n XML kò sí lọ́wọ́ mi o. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú mi ló ti yí i sí JSON, òun ni wọ́n fún mi.

Alágbẹ̀dẹ Kóòdù: Kí wá lò ń bá XML jà fún látàárọ̀?! Ètò náà kò sí nínú fáìlì yẹn mọ́. Kò sí kóòdù tó lè dá a padà.

Bọ̀dá Sáfà: Kó fi ègbè kan sẹ́yìn ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, ó parí.

Ìyá Ìbejì: Àwọn tó ní afárá ńkọ́? Orin tí ègbè ìkẹyìn rẹ̀ yàtọ̀ ńkọ́? Má méfò, àbúrò. Wá ẹni yẹn lọ.

Ọmọ Aláró: Akọ̀wé ní kí n má bá a sọ̀rọ̀, wọ́n jọ ń jà lórí owó ni. Ẹ sì rí i, èmi kọ́ ni mo jẹ ẹ́ lówó.

Ìyá Ìbejì: Pè é.

Ọmọ Aláró: Mo ti pè é, àǹtí. XML wà nínú í-meèlì rẹ̀. Ó ní kí ìjọ kọ́kọ́ san ti òun. Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kò tíì fèsì.

Alágbẹ̀dẹ Kóòdù: Tí XML náà bá dé, fún `ET.parse` (ET ni ElementTree) ní orúkọ fáìlì náà tààrà. Má fi `open()` lásán ṣí i lórí Windows, kí àmì ohùn má lọ di jágbajàgba.